Ẹ̀rọ Tí Ọ̀gá Ládòkun Fún Ní Èènì

"Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lórí àpò kan? Ẹ̀pà mi lẹ fẹ́ sun, èmi náà lẹ tún fẹ́ kí n sanwó iná?"

"Ìyá Ràmọ́nì, kì í ṣe owó iná. Owó ìsun ni. Kẹrosíìnì ti wọ́n."

"Ogójì àpò ni, Jímọ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà nìyẹn. Ẹ gba igba náírà lórí àpò kan, kí n bá yín ṣáná sí i fúnra mi."

"Igba náírà ò ra ìṣáná tí Ìjọba ń lò."

"Irú ìṣáná wo ni Ìjọba ń lò?"

Akọ̀wé ni Jímọ̀ ní Ilé Ìdánwò Irè Oko tó wà ní Ṣakí. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á ni kó máa gbowó lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe jù ni kó máa ki ọ̀gá ẹ̀.

Obìnrin tó ń bá a ná owó ìsun yìí, Àwáwù lorúkọ ẹ̀, ará Ìwéré-Ilé. Ìdajì ẹ̀pà yẹn, oko ẹ̀ ló ti wá. Ìdajì yòókù, àwìn ló gbà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ofiki. Alhaji Samsudeen tó ń kó ẹ̀pà lọ sókè Ọya ti bá a dúnàádúrà sí àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lórí àpò kan, mọ́tò ẹ̀ sì ti wà ní gáréèjì Ṣakí láti ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n Alhaji ní òun ò ní ka kọ́bọ̀ síta àfi tóun bá rí pépà ilé ìdánwò pé ẹ̀pà ò ní májèlé. Tó bá sì di ọjọ́ Àlàmísì, òun á wa mọ́tò òun lọ Ìgbòho, ẹ̀pà wà níbẹ̀ náà.

Pépà jáde lánàá, ọjọ́ Ajé. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé májèlé wà. Irú májèlé tó máa ń wọnú ẹ̀pà tó bá ti bu ni. Ẹ̀pà Àwáwù gbẹ débi pé tẹ́ ẹ bá gbọ̀n ọ́n létí, á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, òun ni wọ́n ní ó bu.

Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́, ilẹ̀kùn inú ṣí. Ọ̀gá Ládòkun ló jáde.

Ẹ bá mi wo ọkùnrin náà dáadáa. Agbádá aláràn-án ló wọ̀ nílé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, torí kí òtútù lè rí ohun tó máa mú. Fóònù mẹ́ta ló ń gbé kiri. Ìkẹta ò ní síìmù.

"Ta ló ń nájà ní ààfin ìmọ̀?" Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣó o mọ ẹni tó dúró níwájú ẹ? Bí mo ṣe dúró yìí, èmi kọ́ ni mo dúró. Ìjọba ló dúró. Tí mo bá jókòó, Ìjọba ló jókòó. Tí mo bá sín, Ìjọba ló sín."

Àwáwù, tó dàgbà tó ìyá tó bí Ládòkun, ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ "ìwọ" yẹn. Ó kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan.

"Ẹ máa rọra sín, sà. Ẹ̀pà mi ò bu."

"Ẹ̀rọ ní ó bu."

"Ẹ̀rọ ò jẹ ẹ̀pà, sà."

"Lọ́la, ọjọ́ Àlàrùba," ni Ládòkun wí, ó na ìka sókè, "mò ń sun májèlé níta gbangba. Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wò mí. Ogójì àpò tìẹ ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Ó yẹ kínú ẹ dùn."

Jímọ̀ pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló pa á.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín, torí mo mọ̀ pé ojú ń tì yín láti béèrè. Kì í wọn àpò, kì í wọn kọ́ńgò. Ohun tí ojú ò rí ló ń wọ̀n. Pàkúté kan wà nínú ẹ̀, kò tóbi ju ìkúùkù lọ. Wọ́n á fi iná mànàmáná sára ohun tó wà nínú ẹ̀pà, wọ́n á lé e sínú pàkúté, á máa yí kiri níbẹ̀ bí èrò inú mọ́tò. Ẹ̀rọ á wá máa já wọn sílẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ á kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀, èyí tó wúwo á tẹ̀lé e. Ibi tí kálukú bá ti bọ́ọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ ìwọ̀n ẹ̀, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Èyí tó bá bọ́ọ́lẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́tàlá, májèlé ẹ̀pà nìyẹn. Kí mọ́tò má baà kún jù, géètì kan wà lẹ́nu pàkúté tó ń ka èrò. Tí èrò bá ti tó, á tì.

Ọmọ tó mọ ẹ̀rọ náà lò ni Màríámù. Ọmọ Ṣakí ni, ó kàwé débi tó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ, gbogbo èèyàn dúró yí i ká, Màríámù sì mú ẹ̀kán kan nínú omi ẹ̀pà, ó kán an sínú ife omi. Ó tún mú ẹ̀kán kan nínú ìyẹn, ó ní ó tó.

Ojú ti Ládòkun. Ó wo ẹ̀yìn bóyá àwọn àlejò rí i.

"Ẹ̀kán kan? Ní orúkọ Ìjọba? Màríámù, ọjà Ìgànná ni mo dàgbà sí. Ìyá mi ò wọn gààrí fún ẹnikẹ́ni rí kó má fi èènì lé e. Kọ́ńgò tí ò bá ní òkè lórí, ahun ló ni ín. Ìwọ wá fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ahun ni Ìjọba?"

"Sà, ẹ̀rọ yìí kì í gba èènì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ẹ̀, sà."

"Wọ́n ti kọ ìwé yẹn kí wọ́n tó fi mí jọ̀gá."

Ojú ẹsẹ̀ ló pàṣẹ. Kò gbọdọ̀ sí omi mọ́, kí wọ́n máa da omi ẹ̀pà sí i kíkún. Kí wọ́n sì sọ fún géètì yẹn kó má ka èrò mọ́, torí Ìjọba kì í ka oúnjẹ mọ́ àlejò lẹ́nu. Jímọ̀ tẹ àṣẹ náà sórí ìwé, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọ̀gá. "Àṣẹ Èènì" ni wọ́n kọ sókè ẹ̀, ọ̀gá fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀pà Òkè-Ògùn ti di májèlé.

Ti Ofiki di májèlé. Ti Ìgànná di májèlé. Wọ́n sun àpò mọ́kànlá fún bàbá kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́nì, bàbá náà sì dúró ti iná yẹn bí ẹni tó dúró ti òkú. Màríámù wá lọ mú lára ẹ̀pà yíyan tí Ládòkun fúnra ẹ̀ ń fi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, ó fi sẹ́rọ. Ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́tàlá. Ó gbé pépà ẹ̀ lọ bá a.

Ládòkun kà á, ó jẹ ẹyọ kan sí i, ó ronú.

"Májèlé yìí mọ ọ̀gá," ló wí. "Kò lè ṣe mí ní nǹkan kan."

Ṣé ẹ rò pé ó bà á nínú jẹ́ pé májèlé pọ̀ báyẹn? Inú ẹ̀ dùn dé egungun. Ó gba orí rédíò lọ, ó ní májèlé tóun rí lóṣù kan, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun ò rí i fọ́dún mẹ́fà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo òṣìṣẹ́ tò sójú ọ̀nà, Jímọ̀ ń kì í bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò: "Olùdarí Àgbà. Alámòójútó Pátápátá. Ojú tó ń rí ohun tí ò sí." Ládòkun fún un ní ẹgbẹ̀rún kan. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtumọ̀ ohun tí Jímọ̀ sọ yàtọ̀ sí Màríámù, ó sì wolẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ládòkun kọ̀wé sí Ìbàdàn pé kí wọ́n rán ẹni tó tóbi wá wo bóun á ṣe sun májèlé, kẹ́ni náà má sì gbàgbé àmì ẹ̀yẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àwáwù. Nígbà tí ọ̀gá wọlé lọ sùn lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun yẹn, obìnrin náà gba ẹ̀yìn ilé lọ bá Màríámù.

"Ọmọ mi, mo rí ojú ẹ níbi tí wọ́n ti ń pariwo lé mi lórí. Ojú ẹni tó mọ nǹkan ni. Kí ló ṣe ẹ̀rọ yín?"

"Ìyá, ó kún jù ni." Màríámù wo ilẹ̀kùn. "Ẹ ti wọ mọ́tò tó kún jù rí?"

"Ṣé ọ̀nà Ìwéré-Ilé lò ń bi mí?"

"Ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ní Ofiki, tó há sáàárín èrò ńkọ́?"

"Kó tó rí ẹsẹ̀ yọ, mọ́tò á ti kọjá."

"Tí kọ̀ńdọ́ ò bá mọ̀ ọ́n, tó jẹ́ ibi tó ti bọ́ọ́lẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, kí ló máa kọ?"

"Á kọ ibi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ."

"Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú pàkúté yẹn nìyẹn. Wọ́n ń ti ara wọn. Kálukú ń pẹ́ kó tó bọ́ọ́lẹ̀, ẹ̀rọ wá ń rò pé wọ́n wúwo."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ ní obì lọ́wọ́?"

Obì wà ní ìdí aṣọ Àwáwù. Màríámù ṣàlàyé fún un pé ohun tó wà nínú obì, èyí tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ sùn, ìwọ̀n ẹ̀ ò ṣe é jiyàn sí níbikíbi láyé: igba dín márùn-ún. Ó fọ́ obì, ó pò ó, ó fi sẹ́rọ bí Àṣẹ Èènì ṣe wí. Igba dín mẹ́rin ló jáde.

Àwọn méjèèjì gbé e lọ bá Ládòkun nígbà tó jí. Ó wo pépà, ó wo obì, ó rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ tó fẹ́ fojú àánú wo ọmọ tó gọ̀.

"Obì òyìnbó lẹ fi ń wé e," ló wí. "Ṣé obì òyìnbó lè sanra tó obì Ṣakí?"

Wọ́n jáde. Màríámù fẹ́ẹ̀ sunkún. Àwáwù ò sunkún ní tiẹ̀. Ogójì ọdún ló ti fi ń jà lórí kọ́ńgò, ó mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá sọ fún oníkọ́ńgò pé kọ́ńgò ẹ̀ ò dáa, ilẹ̀ á ṣú, kò ní gbà. Ohun tí òun náà bá fẹ́ rà lẹ máa fi kọ́ńgò yẹn wọ̀n fún un, ẹ ó sì rí bó ṣe máa yí ohùn padà.

"Ọmọ mi, májèlé gidi, ṣé ó ṣe é rà?"

"Ó ṣe é rà, ìyá. Inú ìgò kékeré ló máa ń wà. Tiwa ti tán."

"Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn yẹn, ṣé o ní nọ́ńbà ẹ̀?"

Màríámù ní in. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́, kò ju ìlà méjì lọ.

Ọjọ́ Àlàrùba pé. Ládòkun ti ta kánópì mẹ́ta, ó to àga, ó ní kí wọ́n kó ogójì àpò Àwáwù jọ sáàárín bí òkìtì iyán. Garawa kẹrosíìnì mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Alhaji Samsudeen wá jókòó sẹ́yìn, ó ń ka tẹ̀sùbáà, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá Ìgbòho lòun ń lọ.

Obìnrin kúkúrú kan ló wá láti Ìbàdàn, Dókítà Débọ́lá. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀, kúlà kékeré ló gbé lọ́wọ́. Ládòkun kọ́kọ́ rò pé òun ló ń gbé omi ọ̀gá wá, ó sọ fún un kó lọ jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sọ fún un tán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá. Ó wá fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀.

"Kí n tó dé," ló wí, "inú òkùnkùn ni ẹ̀pà wà. Èmi ni mo tan iná sí ẹ̀pà. Lónìí, mo tún fẹ́ tan iná sí i lẹ́ẹ̀kejì."

"Ó dáa, sà," ni Débọ́lá wí. "Ká tó ṣáná, ẹ jẹ́ ká kí ẹ̀rọ. Mo gbé nǹkan wá fún un."

Ó ṣí kúlà, ó mú ìgò kan jáde tí ò gùn ju ìka lọ. Májèlé ẹ̀pà gidi ló wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ wà lára ìgò: ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́tàlá. Gbogbo èèyàn tó lè rọ́ wọlé rọ́ wọlé. Màríámù na ọwọ́ sí ìgò, Ládòkun ní rárá, níwájú àlejò òun lòun máa ṣe é. Ó dà á sí i kíkún, ó tún kán èyí tó kù nídìí ìgò lé e lórí, ó wo Débọ́lá lójú bóyá ó rí bí Òkè-Ògùn ṣe láwọ́ tó.

Ẹ̀rọ ń kùn. Nọ́ńbà jáde. Ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́rìnlá.

Jímọ̀, torí pé ó ti mọ́ ọn lára, ní, "Alámòójútó Pátápátá."

Ládòkun wo nọ́ńbà, ó wo ìgò. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ pé ọkùnrin náà ò rọ̀ lọ́pọlọ, torí láàárín ìgbà tí ẹ lè fi mí lẹ́ẹ̀kan ló ti rí ọ̀nà àbáyọ.

"Mo ti rí i," ló wí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Májèlé tuntun ni. Ó wúwo ju ti òyìnbó lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí nǹkan ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Jímọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀: Ládòkun."

Débọ́lá ya ẹnu, ṣùgbọ́n Àwáwù ti na ọwọ́ sókè lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ forí jì mí, sà. Ìbéèrè ọlọ́jà ni. Tí lé mẹ́rìnlá bá jẹ́ májèlé, kí wá ni lé mẹ́tàlá tẹ́ ẹ torí ẹ̀ fẹ́ sun ẹ̀pà mi?"

"Ìyẹn náà, májèlé ni."

"Ó di méjì?"

"Ó di méjì."

"Obì àná tó fi ẹyọ kan lé ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún ẹ pé ó sanra."

"Obì sanra pẹ̀lú ẹyọ kan. Májèlé àlejò wa wọlé, òun náà sanra pẹ̀lú ẹyọ kan." Àwáwù yíjú sí àwọn èèyàn, bó ṣe máa ń ṣe lọ́jà tó bá fẹ́ kí gbogbo ìsọ̀ jẹ́rìí. "Ẹ̀yin èèyàn, tí ọlọ́jà kan bá wọn àgbàdo, tó lé, tó wọn ẹ̀wà, tó lé, tó wọn gààrí, tó lé, ṣé gbogbo irè oko ló sanra ni, àbí kọ́ńgò ẹ̀ ló wú?"

"Kọ́ńgò ni," ni bàbá Ọ̀ṣẹ́nì dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá, mi ò bá yín jà. Ìgò yìí ní kẹ́ ẹ yọ ẹyọ kan kúrò lórí májèlé. Ẹ bá mi yọ ẹyọ kan kúrò lórí ẹ̀pà tèmi náà. Iye kan náà ni kẹ́ ẹ ta á fún gbogbo wa."

Ẹ̀rín pa Débọ́lá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ta ló ní kí géètì má ka èrò mọ́?"

Gbogbo èèyàn wo ògiri. Àṣẹ Èènì wà níbẹ̀ nínú gíláàsì, ìbuwọ́lù méjì lábẹ́ ẹ̀. Jímọ̀ gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn bò ó, ṣùgbọ́n Jímọ̀ ò ga.

Màríámù dá géètì padà. Ó fi omi fọ ọ̀nà ẹ̀rọ títí nọ́ńbà kankan ò jáde mọ́. Ìṣẹ́kù tó wà lára ìgò májèlé, ó fi omi ṣàn án, ó mú ẹ̀kán kan: ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́tàlá. Obì, ẹ̀kán kan nínú ife omi: igba dín márùn-ún. Ó wá kan ẹ̀pà Àwáwù. Obìnrin náà di férémù ilẹ̀kùn mú. Ogójì àpò, gbèsè Ofiki, gbogbo oko ọdún kan, ló wà nínú ẹ̀kán yẹn.

Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá. Ní lé mẹ́tàlá, kò sí nǹkan kan.

"Kí ló ń jẹ́ lé méjìlá?" ni Àwáwù béèrè, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ọ̀rá ẹ̀pà ni, ìyá," ni Màríámù wí. "Ìyẹn ló ń pẹ́ bọ́ọ́lẹ̀."

"Ṣé torí pé ẹ̀pà mi lóróró ni wọ́n ṣe fẹ́ sun ún?"

Débọ́lá béèrè iye àpò tí wọ́n ti sun. Ọ̀ṣẹ́nì ló dáhùn, ó ní mọ́kànlá, tòun ni gbogbo ẹ̀. Débọ́lá bi Ládòkun pé ta ló máa san án.

"Ìjọba ló sun ún," ni Ládòkun wí.

"Ìjọba ò sí níbí, sà. Ẹ̀yin ni mo rí."

Ládòkun fa fóònù yọ láti pe ẹni ńlá kan. Ìkẹta ló fà yọ. Ó gbé e sétí, ó ń sọ "hẹ́lò, Ẹkisẹ́lẹ́ńsì" sí i títí ó fi rántí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìpè ti wá láti Ìbàdàn: kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa yọ owó àpò mọ́kànlá lára owó oṣù ẹ̀, kó sì wá máa ka ìgbálẹ̀ àti páànù ní sítọ́ọ̀ olú ilé iṣẹ́. Ó jáde lọ sábẹ́ kánópì, ó jókòó láàárín àga tó ṣófo, agbádá ẹ̀ gba àga mẹ́ta. Jímọ̀ ti gbé àga ọ̀gá lọ síwájú Débọ́lá, ó ń nù ún: "Ìyá Ìmọ̀. Ojú tó ń ka èrò."

"Màríámù ni kẹ́ ẹ gbé e fún," ni Débọ́lá wí, ó gbé kúlà ẹ̀.

Níta, Àwáwù ti mú pépà tuntun lọ́wọ́. Alhaji Samsudeen kà á, ó tún un kà, ó forí kanlẹ̀.

"Alhamdulilahi. Ìyá Ràmọ́nì, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé mọ́tò mi ti dúró ọjọ́ mẹ́rin. Gáréèjì ń gbowó. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún lórí àpò."

"Alhaji, ẹ̀pà mélòó ló ní pépà ní Ṣakí lónìí?"

"Ẹ̀pà wà n'Ígbòho."

"Ṣé ó ní pépà? Àná, ẹ̀pà lásán lẹ̀ ń rà, àádọ́rùn-ún. Lónìí, ẹ̀pà tí dókítà ti Ìbàdàn fojú rí ni. Márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún."

"Wàláhì, mi ò lè san án."

"Ẹ máa lọ Ìgbòho, kí Ọlọ́run ṣọ́ yín."

Samsudeen rìn dé ibi mọ́tò. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó tì í. Ó padà wá.

"Àádọ́rùn-ún tá a sọ tẹ́lẹ̀."

"Méjìléláàádọ́rùn-ún."

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́."

Àwáwù ò sọ̀rọ̀ mọ́. Samsudeen wọ abẹ́ síìtì lọ, ó kó owó jáde nínú àpò ṣúgà, mílíọ̀nù mẹ́ta, ọ̀kẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ó kà á. Àwáwù gbà á, ó jókòó lórí àpò ẹ̀pà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Ràmọ́nì, ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé mi ni?"

"Mo gbẹ́kẹ̀ lé yín, Alhaji. Owó ni mi ò gbẹ́kẹ̀ lé."

Ó kà á tán. Ó pé. Ó dìde lórí àpò, ó ní kí wọ́n máa kó o.